Agolo Onídèérí Búlúù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà, òun ló sì pọ̀n mí. Bí mo bá bu omi fún un, ó máa mu ún. Bí mo bá ra ọsàn lọ, ó máa bó o, ó máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí iná bá ti kàn lọ́dọ̀ mi, kò ní fọwọ́ kàn án. Kò bú mi, kò sì bá mi jà. Á kàn ní, "Gbé e síbẹ̀, màá jẹ ẹ́ tó bá yá." Tí mo bá padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, màá bá kúlà mi lórí fíríìjì, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún gbẹ. N kò bi í léèrè ẹni tó gbé oúnjẹ náà fún.

Oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ló dá a sílẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn ará ilé wa ti sọ ọ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà, kò sì sí èyí tó pé nínú gbogbo rẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ọkùnrin ará Ṣáínà kan ní Ìsọlọ̀. Ó ń bójú tó ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bàtà rọ́bà, ilé tó ń gbé kò sì jìnnà síbẹ̀, fúláàtì oníyàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a gbé. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn wà nílùú wọn lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni kí n máa gbálẹ̀, kí n máa fọṣọ, kí n sì máa fọ abọ́. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Sátidé ni, aago méje àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìsinmi mi. Màá tún padà sórí ọjọ́ Àìkú yẹn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ fún ọ̀gá pé Mùsùlùmí ni mí, pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, n kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Gẹ̀ẹ́sì tó já geere kọ́ ni à ń sọ síra wa, ti ìgboro ni, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un ní èdè wọn. Ìyá àgbà náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó mi orí pé òun gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ sọ́jà Ìsọlọ̀. Ó ra ìkòkò tuntun kan, agbada kékeré kan, ọ̀bẹ kan. Nígbà tí a délé, ó wá òwú pupa, ó so ó mọ́ ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì na ìka sí àyà mi. Tèmi ni. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò tó bá fi se ẹlẹ́dẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Ọdún márùn-ún, n kò fọ ìkòkò yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo ti ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn èèyàn wa rí ṣáájú ìgbà náà. Nílé ọ̀gá mi obìnrin kan ní Ṣógúnlé, ìdí síńkì ni mo ti ń jẹun, lórí ìdúró. Kọ́ọ̀bù mi wà lọ́tọ̀, wọ́n fi ìṣó họ àmì sí ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì fi mu omi. Ní Ìsọlọ̀ náà, ìkòkò mi wà lọ́tọ̀, ó sì ní àmì. Ṣùgbọ́n nítorí tèmi ni wọ́n ṣe fi àmì sí i. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún ẹni tí kò jẹun lórí ìdúró rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì yẹn, ó gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní rárá, mo dúpẹ́, mo ti yó. N kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í jókòó ní ìpè àkọ́kọ́. Ó tún lu àga. Mo tún ní mo ti yó, mo fi ọwọ́ pa ikùn mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ pa ikùn tirẹ̀ náà, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó yó bámúbámú, ó wá na ìka sí mi: irọ́ ni. Mo jókòó ní ìpè kẹta. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àlejò ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tí wọn kò tètè sọ fún mi ni ti abọ́. Nílé wa, à ń jẹ abọ́ mọ́ tónítóní ni. Lọ́dọ̀ wọn, bí abọ́ àlejò bá mọ́, ebi ṣì ń pa á nìyẹn, wọ́n á tún bu sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ títí n kò fi lè tẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù o. Màmá á pa yín."

Ẹyin àti tòmátò ni mo kọ́kọ́ kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jọ ẹyin díndín tiwa. Kò sí ata níbẹ̀. Yóò po ẹyin mẹ́rin, yóò da òróró díẹ̀ sí agbada, yóò jẹ́ kó gbóná títí èéfín yóò fi yọ, yóò da ẹyin sí i, yóò sì gbé e kúrò nígbà tó ṣì ń mì. Lẹ́yìn náà ni tòmátò tó gé ní ègé ńlá ńlá, iyọ̀, àti ṣúgà díẹ̀, títí omi rẹ̀ yóò fi jáde. Ìgbà yẹn ni ẹyin yóò tó padà wọlé. Ní ìparí, yóò ṣí agolo kan tó ní ìdérí búlúù, yóò fi ṣíbí kékeré bu nǹkan funfun kan nínú rẹ̀, yóò jù ú sí i. Nǹkan náà yóò yọ́, gbogbo agbada yóò sì máa dán.

Ó kọ́ mi ní kábéèjì, èyí tí kì í fi ọ̀bẹ gé, tó ń fi ọwọ́ ya. Ó ní kí ọ̀bẹ má kàn án, ó fi ọ̀bẹ lù mí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbàgbé, lẹ́yìn ọ̀bẹ ni. Ó kọ́ mi ní ẹja tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n to atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé sí lórí, tí wọ́n wá da òróró gbígbóná lé, tó ń pariwo ṣàà. Ẹja kò wọ́n mi rí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹja ní adùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ata la máa ń jẹ, tí à ń pè ní ẹja. Bí mo bá ń jẹun lọ, ìyá àgbà yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun mú ibi tó dára jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, yóò fi sórí ìrẹsì mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn. Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kò sí ẹni tó ti mú ibi tó dára lára ẹja fún mi láti ìgbà náà.

Nǹkan inú agolo yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bó bá wà nínú oúnjẹ, adùn kan wà tí kì í ṣe ti ẹyin, tí kì í ṣe ti tòmátò, tí í máa dúró sẹ́yìn ahọ́n lẹ́yìn téèyàn bá ti gbé e mì. Ó funfun, ó dì, ó ń yọ́ tí iná bá kàn án. Mo sọ fún ara mi pé òrí ni. Òkè-Ògùn ni àwọn bàbá wa ti wá, òrí sì ni ìyá bàbá mi fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kí òróró inú ike tó gbòde. Mo jẹ ẹ́ ní kékeré. Nítorí náà, n kò bèèrè. Ojoojúmọ́ ni mo ń nu agolo yẹn, tí mo ń dá a padà sí àyè rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi tó ní òwú pupa. Bó bá jẹ́ ohun tí kò yẹ kí n fọwọ́ kàn ni, ṣé kò ní wà lápá ibi tí ìkòkò tiwọn wà? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo sì máa ń fọ́nnu pé mo jẹ́ ẹni tó ń wo nǹkan fínnífínní.

Oúnjẹ kan tún wà tó rí bíi mitipáì kékeré, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sè nínú omi. Mo ń pè é ní etí, nítorí pé bí etí èèyàn ló rí. Fúláwà ni wọ́n fi ń ṣe awọ rẹ̀. Ti ọmọ ìyá àgbà, ẹran ló wà nínú rẹ̀. Tèmi, ẹ̀fọ́ àti ẹyin ni, tí wọ́n ti fi nǹkan funfun yẹn yí lórí iná díẹ̀. Kí wọ́n má bàa dàpọ̀, tèmi ní ìṣẹ́po mẹ́jọ ní ẹnu, ti ọmọ rẹ̀ kò ní ìṣẹ́po kankan. Mo máa ń ka ìṣẹ́po náà kí n tó fi sẹ́nu. Ìyá àgbà yóò máa wò mí bí mo ṣe ń kà á, yóò máa mi orí, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé mo ń kà á.

Ní ọdún kẹta iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀ ní Ṣógúnlé. Ó ṣe opó tán, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lára mọ́. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ dé, omi àti dàbínù kan ṣoṣo ló fi ń ṣínu. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé ọbẹ̀ lọ, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ, ó ní òun ti yó, kì í sì í ṣe irú mo-ti-yó tí wọ́n kọ́ wa nílé.

Mo wá ronú kan oúnjẹ etí yẹn. Ilé mi ní Ailegun ni mo ti ṣe é, nínú abọ́ tèmi, lórí gáàsì tèmi. Ìyá àgbà ti bu díẹ̀ nínú agolo rẹ̀ sínú ìgò kékeré kan fún mi, ó máa ń bù ú fún mi báyẹn. Mo gbé e lọ sí Ṣógúnlé kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́. Mo bá ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n wá bá a ṣínu.

"Kí lèyí? Mitipáì tó já sómi?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ tọ́ ọ wò ná, Àǹtí mi."

"Tó bá pa mí ńkọ́? Ìwọ lo máa gba ṣọ́ọ̀bù?"

"Kì í ṣe èmi. Síìpù ti sú mi."

Ó jẹ ọ̀kan. Ó mú èkejì. Mo ń kà á nínú mi, mọ́kànlá ló jẹ. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ń wò ó, omi lé ròrò sí i lójú. Ìyàwó rẹ̀ náà jẹ mẹ́ta, ó nu ọwọ́, ó wá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ irú èyí.

"Níbi iṣẹ́ ni."

"Níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn Ṣáínà?" Ó ti abọ́ síwájú. "Àwọn tó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀! Ẹ gbà mí o! Nínú oṣù ààwẹ̀!"

"Ìyàwó wa," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn, "o jẹ mẹ́ta tán kí o tó rántí pé ààwẹ̀ lo gbà."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó bá òun lẹ́rù ni òun sọ, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹ̀gbọ́n mi wá yíjú sí mi. "Bá mi sọ òótọ́. Nítorí pé mo ti jẹ ẹ́."

Mo dìde, mo lọ ṣe àlùwàlá. Àlùkùránì ọkọ rẹ̀ tó kú ni wọ́n gbé fún mi. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo ní, "Mo búra pé kò sí nǹkan kan tó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá nínú oúnjẹ yìí." Kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu. Mo lè sọ pé n kò fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i, ìyẹn ì bá sì jẹ́ òótọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó pé.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé orí ọwọ́ mi. Ó ní, "Èmi náà fi tèmi tì í. Ẹni tó bá tún pe oúnjẹ àbúrò mi ní ẹlẹ́dẹ̀, èmi ló pè bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, Ṣógúnlé ni mò ń lọ pẹ̀lú kúlà mi. Ẹyin àti tòmátò ló fẹ́ràn jù. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà, a ó jókòó sí ẹ̀yìn káńtà láàárín àwọn káàdì bọ́tìnnì, a ó jọ jẹun nínú abọ́ kan. Mo mú igi ìjẹun lọ fún un lọ́jọ́ kan. Ó fi mú ẹyin, ẹyin já sórí òwú.

"Ebi tó ń pa àwọn èèyàn yìí kò tíì pa wọ́n tó," ó ní. "Ẹni tí ebi ń pa kì í lọ ṣa igi."

Ó sanra padà. Ọrùn rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Lọ́jọ́ kan ó yọ kẹ̀kẹ́ òwú pupa kan nínú ọjà rẹ̀, ó ní kí n gbé e fún ìyá Ṣáínà, kí n sọ fún un pé òun dúpẹ́. Mo gbé e fún un. Ìyá àgbà tú òwú àtijọ́ tó wà lára ìkòkò mi, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ó fi òwú ẹ̀gbọ́n mi so ó tuntun.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún karùn-ún pé ni ọ̀gá sọ fún mi pé ìyá òun ń padà sílé pátápátá. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ó ní ìyá àgbà fẹ́ kí n wá ní ọjọ́ Àìkú, pé ohun kan ṣẹ́kù tí òun kò tíì kọ́ mi, òun kò sì fẹ́ lọ kí òun má fi lé mi lọ́wọ́. N kò dé ilé yẹn lọ́jọ́ Àìkú rí. Mo wọ aṣọ tó dára.

Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná, ó ti dúró sí ìdí gáàsì. Lórí pákó ìgé-nǹkan, mo rí nǹkan funfun kan tó nípọn bí ìwé Àlùkùránì tí wọ́n pa dé. Awọ wà lábẹ́ rẹ̀. Irun ṣaṣa díẹ̀ wà lára awọ náà, ó sì ní àmì búlúù tí àwọn apẹran ń lù sára ẹran. Ó gé e sí ègé kéékèèké. Ó dà á sínú agbada, ó bu omi díẹ̀ sí i, ó rọ iná rẹ̀ sílẹ̀. Ó fà mí mọ́ra kí n lè ríran. Omi gbẹ, ègé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, òórùn rẹ̀ sì jáde. Mo mọ òórùn náà. Ẹnu mi ti ń da itọ́ kí ọkàn mi tó mọ ohun tí mò ń wò. Mo ní láti kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó mú asẹ́, ó mú agolo onídèérí búlúù, ó sẹ́ ọ̀rá náà sínú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tí n kì í sí níbẹ̀, ló ti ń kún agolo yẹn. Bó ṣe rí lómi, ó dà bí òróró. Ó wá kó ègé tó ti gbẹ, tó ti pọ́n, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó mú èyí tó dára jù, ó sì nà án sí ẹnu mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ké pe ọ̀gá. Ó wá láti pálọ̀. Mo na ìka sí agolo, mo bi í pé ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó ní rárá, Àǹtí, kì í ṣe ẹran, òróró ni. Mo ní òróró kí ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rò ó. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú ìyá àgbà yí padà, ó ń wo èmi, ó ń wo agolo, ó ń wo ìkòkò mi tó ní òwú pupa. Ó sọ ohun kan léraléra. Ọ̀gá ní, "Ó ní òun kò fi ẹran sí tiyín rí. Ó ní òun ń ṣọ́ ọ." Òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe sọ fún wọn pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹran ló yọ. Ọ̀rá kì í ṣe ẹran lọ́dọ̀ wọn, bí epo kì í ti í ṣe ẹyìn lọ́dọ̀ wa.

N kò pariwo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, mo kúnlẹ̀ fún un bí a ṣe ń ṣe, mo sì lọ sílé.

Ọjọ́ márùn-ún ló wà láàárín ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Jímọ̀. Mo rò ó tọ̀sán-tòru. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìyá àgbà ń lọ. Mo lè yí òróró padà, mo lè sọ pé agolo náà tán. Kò sí ẹni tó máa bèèrè lọ́wọ́ mi láyé. Àwọn kan ti sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìwà òmùgọ̀ ni mo hù, pé ẹnu ni mo fi pa ara mi. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ní ìbúra náà.

Mo gbé kúlà lọ lófìfo. Ó ṣí i, ó ní, "Òfìfo lo gbé wá? Àwọn Ṣáínà rẹ wọ ààwẹ̀ ni?" Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí awọ dé orí irun tó wà lára awọ. Ó gbọ́ mi tán. Ó dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹnu. Ó fi ìka fọ eyín, ó fọ ahọ́n, ó tutọ́, ó tún bu omi. Ìgbà méje ni mo kà. Ó jókòó padà, gèlè rẹ̀ ti rin.

"Ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án," ó ní. Òun náà ń ka nǹkan.

"Àǹtí mi, n kò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ṣé mo ní o mọ̀? Ṣùgbọ́n o búra bí ẹni tó mọ̀."

Mo dé kúlà náà.

Àáfà tí a lọ bá sọ pé ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi, pé kí á tọrọ àforíjìn, kí á má sì jẹ ẹ́ mọ́. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo gbọ́, Àáfà." Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó pe ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wá sílé. N kò bẹ̀ ẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú wọn ni òun ti fọwọ́ sí i, ojú wọn ni òun á ti gbé ọwọ́ kúrò. Ó sọ fún wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa kàn fa gèlè rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí." Ẹ̀gbọ́n mi ni obìnrin náà kí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Mo rí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tẹrí ba. N kò rí i kó tẹrí ba fún obìnrin yẹn rí.

Láti ìgbà náà, bí a bá ní ìnáwó nílé, wọn kò ní sọ pé kí n má dáná. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ ti ṣiṣẹ́ jù. Ẹ bá wa to àga." Ní Iléyá tó kọjá, àga mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo tò. Mo tò wọ́n tán, mo tún wọn tò, nítorí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n gbà mí láàyè láti ṣe.

Iṣẹ́ Ìsọlọ̀ kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn tí ìyá àgbà lọ. Ọ̀gá ń jẹun ní ilé iṣẹ́, kò nílò mi mọ́. Ilé ìwé aládàáni kan ní Èjìgbò ni mo ti ń se ìrẹsì báyìí, ìrẹsì àti ọbẹ̀, ojoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń lu àga fún mi. Mo ti gbìyànjú láti bínú sí ìyá àgbà yẹn. Mo máa ń rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, ìbínú náà kì í sì dúró. Ọmọ rẹ̀ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó jókòó sí ìdí tábìlì kan nílùú wọn, ó ti gbó sí i, ó ń fi ọwọ́ lu àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. N kò fèsì.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ibà dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Mo lọ tọ́jú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ korò, ó kọ ògì, ó kọ ẹ̀kọ, ó kọ búrẹ́dì. Ní ọjọ́ kẹta, ó dojú kọ ògiri, ó ní, "Ẹyin àti tòmátò yẹn. Ṣé o ṣì lè sè é?"

Mo ní mo lè sè é.

"Nínú ìkòkò mi. Pẹ̀lú òróró mi."

Ó dìde, ó ró ìró rẹ̀, ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó síbẹ̀ ó ń wò mí. Ó na ìgò òróró ẹ̀pà sí mi, tí a kò tíì ṣí. Èmi kọ́ ni mo ṣí i, òun ló ṣí i. Mo po ẹyin mẹ́rin. Mo da òróró sí ìkòkò, mo jẹ́ kó gbóná títí èéfín fi yọ. Mo gbé ẹyin kúrò nígbà tó ṣì ń mì, mo da tòmátò sí i, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀, mo sì dá ẹyin padà sí i. N kò gbàgbé ohun kankan. Mo bù ú sí abọ́, mo gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó fi ṣíbí bu díẹ̀. Ó fi sẹ́nu, ó sì jẹ́ kó dúró níbẹ̀ kó tó gbé e mì. Mo mọ ohun tó ń dúró dè lẹ́yìn ahọ́n rẹ̀. Èmi náà ti dúró dè é nínú ilé mi ní Ailegun, lọ́pọ̀ ìgbà.

"Kì í ṣe òun," ó ní.

Ó gbé ojú sókè, a wo ara wa. Nígbà náà ni ó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó fi abọ́ mìíràn dé e.

"Má ṣe tún sè é mọ́," ó ní. "Má ṣe tún sè é nínú ilé yìí mọ́."

Mo fọ ìkòkò, mo fọ ṣíbí. Ó ti padà lọ dùbúlẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́ tán.